Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ wa tí ẹ ń tún ilé àtijọ́ ṣe ní Lọndọnu, lórí irin tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin káfíńtà, bíríkìlà àti pẹ́ńtà ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ wà ní Peckham, Deptford, Tottenham àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tún ilé àtijọ́ ṣe,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Orí ìkanlẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, ìyẹn irin tàbí idẹ tó rọ̀ sí àárín ilẹ̀kùn iwájú, tí àlejò á gbé sókè, tí á jẹ́ kó balẹ̀ gbì. Nílé tiwa, "àgò onílé o" la máa ń ké, onílé á sì dáhùn pé "àgò yà", nítorí náà kò sí lára ohun tí a bá lẹ́nu ọ̀nà àwọn baba wa. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti jù ú sínú skip, àpótí irin ńlá tí wọ́n ń da pàǹtí ilé sí, pẹ̀lú àwókù bíríkì.

Àwa tí à ń kó ìkanlẹ̀kùn àtijọ́ jọ kọ̀wé sí yín nítorí pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn án. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á tàbí ẹni tó ń kó o jọ, ọwọ́ yín ló ti kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ló sì ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́: ọ̀pá irin tí wọ́n fi hú u, òòlù tí wọ́n fi lu bóòtì rẹ̀, gíríńdà tí wọ́n fi ha ojú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ tú u bó ṣe yẹ, ẹ má ha á, kí ẹ sì fi odidi rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́.

Kí ẹ má baà rò pé àwa nìkan ni nǹkan yìí ń pa bí ọtí: ní 1890, Brasenose College ní Oxford ra odidi ilé kan ní ìlú Stamford torí àtigba ìkanlẹ̀kùn idẹ kan padà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbé lọ síbẹ̀ láàárín 1330 sí 1340. Òkè tábìlì àwọn àgbà nínú gbọ̀ngàn ìjẹun wọn ló wà báyìí.

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀ ká tó débi iṣẹ́. Ohun tó wà nínú skip kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Ó ṣì ní ẹni tó ni ín, ẹni tó bá sì mú un láìgbàṣẹ lè rí ìjà Theft Act, òfin olè jíjà, ti 1968. Bí ilé náà bá jẹ́ listed building, ìyẹn ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò, ìkanlẹ̀kùn wà lára ilé ni. Yíyọ ọ́ láìgba àṣẹ káńsù lè di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀ràn lábẹ́ òfin 1990, kì í sì í ṣe onílé nìkan ni wọ́n lè mú, wọ́n lè mú ẹni tó di sípánà mú pẹ̀lú. Ní ti àwọn tó ń ra irin àlòkù, òfin 2013 kò gbà kí wọ́n san kéèṣì fún yín ní England àti Wales, ìkanlẹ̀kùn irin tó wọn kílò kan àbọ̀ kò sì ní pa owó bọ́ọ̀sì tí ẹ fi gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ máa bá lára ilé àsìkò Ọbabìnrin Victoria, Birmingham àti àwọn ìlú tó yí i ká ni wọ́n ti dà á. Birmingham ni ojúkò iṣẹ́ idẹ ní England nígbà yẹn. Ní ti irin dídà, orúkọ tí ẹ máa rí lẹ́yìn rẹ̀ léraléra ni Kenrick, ilé iṣẹ́ tí Archibald Kenrick dá sílẹ̀ ní West Bromwich ní 1791. Ẹ̀yìn ni kí ẹ máa kọ́kọ́ wò. Iwájú lè jẹ́ kìnnìún, ẹja lámùsóò, ọwọ́ obìnrin tó di bọ́ọ̀lù mú tàbí òdòdó tí wọ́n hun bí adé, gbogbo ìyẹn ni wọ́n ṣì ń dà títí dòní. Ẹ̀yìn ló ń sọ òótọ́.

Bí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó bíi ti inú káàdì, tí róbótó kékeré wà lókè rẹ̀, tí I sì wà nínú róbótó náà, àmì ìforúkọsílẹ̀ àwòrán nìyẹn, I yẹn sì túmọ̀ sí pé ẹ̀ka irin ni wọ́n kọ ọ́ sí. Láti 1842 sí 1867, lẹ́tà tó ń sọ ọdún wà ní igun òkè. Láti 1868 sí 1883, ó bọ́ sí igun ọ̀tún. X ni 1842, H ni 1843, C ni 1844, A ni 1845. Wọn ò tò ó tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà ẹ má kà á bí ẹní ka A B D. Láti 1884 wọ́n pa àmì yẹn tì, wọ́n wá ń kọ Rd No (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀) pẹ̀lú nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti 1. Nígbà tí 1890 fi máa wọlé, ó ti lé ní 141,000. Ẹ rántí pé ọdún tí wọ́n forúkọ àwòrán sílẹ̀ nìyẹn o. Irú kan náà lè wà lẹ́nu dídà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń sọ ọjọ́ orí ni ihò lẹ́tà. Kí owó lẹ́tà tó di pẹ́nì kan káàkiri ní January 1840, ẹni tó gba lẹ́tà ló sábà máa ń sanwó, nítorí náà òṣìṣẹ́ póòsì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn kó sì dúró. Ìgbà tí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ṣáájú ni wọ́n tó ń gbẹ́ ihò sára ilẹ̀kùn. Ìkanlẹ̀kùn tó bá so pọ̀ mọ́ ojú ihò lẹ́tà kò dàgbà ju ìgbà yẹn lọ. Bí ẹnì kan bá ní ti 1780 ni, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ.

Ó yá, títú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lára ilẹ̀kùn pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sínú ilé, torí inú ni wọ́n ti so èyí tó pọ̀ jù. Etí kan tàbí méjì ló yọ lẹ́yìn irin náà, bóòtì wọ inú etí yẹn, ó la igi ilẹ̀kùn já, nọ́ọ̀tì sì dì í mú nínú. Ilẹ̀kùn iwájú nípọn tó milimítà 44 sí 50, nítorí náà bóòtì náà gùn. Ọ̀dà ti bo nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀, ohun tí ẹ máa rí kò ju kókó kékeré kan lọ. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí kókó, torí wọ́n ti kan páálí líle bo gbogbo inú ilẹ̀kùn kó lè tẹ́jú, bó ṣe wọ́pọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹ yọ páálí náà kí ẹ tó máa rò pé ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ò ní nọ́ọ̀tì.

Ẹ fi abẹ gé ọ̀dà yí ká etí irin níwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà á fa igi ya bó ṣe ń bọ̀. Ẹ kán epo tó ń wọnú irin sí nọ́ọ̀tì, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó, ibi tí ìkánjú ti ń ṣe wá nìyẹn. Sípánà milimítà kì í sábà jókòó dáadáa lórí nọ́ọ̀tì ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ onígun mẹ́rin. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣeé fẹ̀ ṣeé fún ló dára. Ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dì í sí i, kí ìpáàrà inú rẹ̀ fọ́, kí ẹ tó tú u. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ara rẹ̀ mú níwájú, kó má ṣe di apá tó ń mì mú, torí píìnì tó gbé apá yẹn ti jẹ tín-ín-rín.

Bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ má lọ́ ọ tipátipá. Bóòtì á já sínú etí irin, yíyọ àjákù yẹn sì le ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ. Ẹ ki páànù tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín nọ́ọ̀tì àti igi, kí ẹ fi ayùn irin gé bóòtì ní eteetí nọ́ọ̀tì. Ó máa tó ìdajì wákàtí. Ẹ má fi òòlù gbá orí bóòtì síta láé. Irin dídà kì í tẹ̀, kíkán ló ń kán, etí ẹ̀yìn ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Tó bá ti kán, ẹ má gbé e lọ fún wẹ́dà àdúgbò. Iná tó mú gan-an lójú kan á tún là á níbòmíràn. Ẹ di èyí tó kán pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi idẹ lẹ irin dídà rí i.

Ohun tí a máa ń pàdánù jù lọ ni kókó ìsàlẹ̀, orí kékeré tí apá ìkanlẹ̀kùn ń bà lé. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n gún un mọ́ igi. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ á yọ èyí tó lójú kìnnìún, wọ́n á fi kókó yẹn sílẹ̀, pẹ́ńtà á sì fi ọ̀dà kùn ún mọ́lẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì há a lábẹ́ láti ọ̀tún àti òsì, kó lè jáde tààrà. Ìkanlẹ̀kùn tí kò ní kókó tirẹ̀ dà bí ọmọ odó tí kò ní odó. Gbogbo rẹ̀, títí kan bóòtì, nọ́ọ̀tì àti súkúrúù tó ti dípáàrà, inú àpò kan ni kí ẹ kó o sí. Súkúrúù nìkan lè sọ̀rọ̀: èyí tí imú rẹ̀ kò ní ṣóńṣó, tí ojú ihò orí rẹ̀ kò bọ́ sí àárín gan-an, ó ti wà ṣáájú nǹkan bí 1850, èyí tí orí rẹ̀ ní àgbélébùú kò lè ṣáájú 1930.

Wàyí o, ọ̀dà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ka èyí dáadáa, ẹ̀yin pẹ́ńtà pàápàá. Ọ̀dà tó wà lára irin wọ̀nyí lè tó ìpele mẹ́wàá, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ní òjé nínú. Bí ẹ bá fi sanpépà gbígbẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, eruku òjé lẹ ń fà símú, aṣọ iṣẹ́ yín ló sì ń bá a délé lọ fún àwọn ọmọ. Bí ẹ bá fi iná jó o, èéfín rẹ̀ burú ju eruku lọ. Omi gbígbóná ló dára jù. Ẹ wá ìkòkò tí kò tún ní se oúnjẹ mọ́ láyé. Ẹ da omi bo irin náà, kí ẹ fi sódà ìfọṣọ ṣíbí ńlá méjì sí lítà kan, kí ẹ gbé e sórí iná níta tàbí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Kó gbóná ṣùgbọ́n kó má hó. Láàárín wákàtí kan sí méjì, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo iṣu tó jinná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi igi àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ṣí i kúrò nígbà tó ṣì tutù rinrin. Ẹ fi aṣọ sẹ́ omi náà, kí ẹ di pàǹtí rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ sì bi káńsù léèrè ibi tí wọ́n ń gba pàǹtí olóró sí. Ẹ má dà á sídìí ewébẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó gbé e sínú ìkòkò, ẹ fi òòfà kàn án. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, tàbí irin tí wọ́n fi idẹ bò lójú. Tí kò bá lẹ̀, tó sì wúwo, tí ibi tí ẹ fi ọ̀bẹ ha díẹ̀ lẹ́yìn pọ́n yòò, idẹ ni. Tó bá fúyẹ́ tí ibi tí ẹ ha sì funfun, sínkì tàbí alumíníọ́mù àìpẹ́ yìí ni, sódà á jẹ ẹ́, ẹ má sè é. Ẹ má kan òòfà mọ́ ibi píìnì o, torí idẹ ojúlówó náà máa ń ní píìnì irin.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan. Wọ́n máa ń kun irin dídà míì ní àwọ̀ bàbà tàbí dúdú dídán láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá rí àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ gbogbo ọ̀dà, níbi kọ̀rọ̀ tí òjò kì í dé, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ìyẹn ni ojú tí wọ́n fi bí i, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà.

Irin tó bá jáde nínú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà kí ẹ ti ní aṣọ gbígbẹ àti ẹ̀rọ ìgbẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí ìpáàrà ti jẹ jinlẹ̀, iná bátìrì ló ń mú un. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà, omi lítà márùn-ún, sódà ìfọṣọ ṣíbí ńlá kan àti ṣájà bátìrì mọ́tò tó jẹ́ fóòtì (volt) 12. Okùn dúdú lọ sára ìkanlẹ̀kùn, okùn pupa lọ sára àpólà irin lásán tí ẹ kò nílò mọ́, kí àwọn méjèèjì má fara kanra. Bí ẹ bá ṣe é sódì, ìkanlẹ̀kùn gan-an ni iná á máa jẹ. Ẹ má lo irin stainless níbi okùn pupa, ó ń tú oró sínú omi. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, torí afẹ́fẹ́ tó ń yọ níbẹ̀ lè gbiná, kí ẹ sì pa ṣájà kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, ìpáàrà á ti di ẹrẹ̀ dúdú tí búrọ́ọ̀ṣì lásán lè gbá. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ onísínkì ẹ̀ẹ̀kan àti ọ̀dà dúdú tí kò dán jù ẹ̀ẹ̀mejì ló kù, ṣùgbọ́n tín-ín-rín o: ọ̀dà tó pọ̀ ló ń jẹ́ kí kìnnìún dà bí àgùntàn.

Idẹ yàtọ̀. Ẹ ó gbọ́ ìmọ̀ràn ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, títí dórí omi tòmátì inú agolo. Òótọ́ ni pé wọ́n ń mú un dán lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbà àti sínkì ló para pọ̀ di idẹ, ohun kíkan sì ń fa sínkì jáde nínú rẹ̀. Tó bá pẹ́ nínú rẹ̀, ojú idẹ á di pupa rúsúrúsú, á sì di olójú ihò. Pupa yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, kò ṣeé fọ̀ dànù. Ohun ìfọlé tó ní amóníà náà kò dára, ó ń la idẹ tó ti wà lábẹ́ ìfúnpá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwo, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi ìda pa á lára, ó tán. Brasso, oje tí wọ́n fi ń mú idẹ dán, kì í ṣe ọ̀tá, àmọ́ ẹni tó bá ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń fọ imú kìnnìún dànù díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ̀rọ aláṣọ tó ń yí, tó ń mú idẹ dán bíi dígí, ìyẹn gan-an ni à ń sá fún: gbogbo etí tó mú á di róbótó, àwa tí à ń kó o jọ á sì fi sílẹ̀ lórí àtẹ.

Onílé lè rán yín lọ ra òmíràn tó jọ ti àtijọ́. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀dà tí wọ́n tà bí ẹ̀dà. Ẹ̀dà tí wọ́n tà ní owó ojúlówó ni ká ṣọ́. Irin dídà máa ń sún kì bó ṣe ń tutù, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Idẹ, nǹkan bí ìdá kan àbọ̀. Ẹni tó bá tẹ ojúlówó sínú iyanrìn láti da òmíràn, ọmọ náà á kéré sí ìyá rẹ̀: milimítà 200 á di 198 tó bá jẹ́ irin, 197 tó bá jẹ́ idẹ. Irun kìnnìún á kùnà, ẹ̀yìn á rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ bíi ṣúgà. Ẹ tún wo ibi tó ti jẹ. Ojúlówó jẹ níbi tí ọwọ́ ń dì mú, níbi tó ń bà lé kókó, àti nínú ihò píìnì, tó ti fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹyin. Ayédèrú jẹ níbi gbogbo bákan náà, torí gíríńdà ni ọwọ́ tó jẹ ẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ má fi bóòtì M6, bóòtì milimítà mẹ́fà òde òní, tipá wọ inú etí rẹ̀. Eyín bóòtì ayé ìgbà náà, ìlànà tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ ní 1841 ló sábà máa ń tẹ̀ lé. Ìdá mẹ́rin íǹṣì tirẹ̀ ní eyín 20 nínú íǹṣì kan, ìyẹn ni milimítà 1.27 láàárín eyín kan sí ìkejì. Ti M6 jẹ́ milimítà kan péré. Á wọlé ìyípo méjì, ẹ ó rò pé ìpáàrà ló dí i lọ́wọ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì gé gbogbo eyín inú etí dànù. Bóòtì BSW, ìyẹn ti ìlànà Whitworth, ṣì wà lọ́jà, ẹ béèrè fún un. Fún idẹ, ẹ lo bóòtì idẹ. Irin lásán tó bá pàdé idẹ nínú ọ̀rinrin á jẹrà kíákíá. Ẹ fi ọwọ́ dì í, kí ẹ fi sípánà kún un ní ìdá mẹ́rin ìyípo, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún irin dídà.

Onílé tó ń bẹ̀rù olè lè fi ẹ̀dà síta, kó tọ́jú ojúlówó sínú ilé. Kàtídírà Durham pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìkanlẹ̀kùn ọ̀rúndún kejìlá wọn, èyí tí ọ̀daràn tó bá dì í mú láyé àtijọ́ ń fi gba ààbò ọjọ́ 37, inú ilé ìṣúra ló wà; ẹ̀dà ló ti wà lára ilẹ̀kùn láti 1980.

Bí onílé bá ní òun ò fẹ́ ẹ rárá, ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, ìbáà ṣe lórí WhatsApp. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, àmì tó wà lẹ́yìn, àti kókó ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àdúgbò àti ọdún tí ẹ tú u kún un. Tí ẹ bá máa fi póòsì ránṣẹ́, ẹ fi aṣọ há abẹ́ apá tó ń mì, kí ẹ so ó mọ́ ara rẹ̀ kó má lè gbé sókè, kí ẹ sì fi ìwé ìròyìn wé kókó ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń lu ara wọn nínú àpótí, etí tí ẹ fi ọjọ́ méjì dáàbò bò á kán kó tó dé ibi tó ń lọ.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí à ń wá irin ẹnu ilẹ̀kùn kiri